Bí Wọ́n Ṣe Sọ Capel Celyn Di Adágún

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Kò sí ẹni tí kì í mu ún, kò sí ẹni tí kì í fi wẹ̀. Síbẹ̀, abúlé kan wà ní àríwá ilẹ̀ Wélsì tí àwọn ará ibẹ̀ fi bí ọdún 10 bá omi ṣẹjọ́, tí omi sì borí wọn. Omi fúnra rẹ̀ kọ́ ló wá ká wọn mọ́lé. Èèyàn ló darí rẹ̀ síbẹ̀, òfin ló sì lànà fún un. Capel Celyn ni orúkọ abúlé náà. Ẹni tó bá débẹ̀ lónìí, adágún ńlá kan ni yóò bá, òkè yí i ká, àgùntàn ń jẹko létí rẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ̀ pé ilé ìwé, ilé ìsìn àti ojúlé èèyàn wà lábẹ́ ibẹ̀ rí. Àfi lọ́dún tí ọ̀dá bá dá gidi, tí omi bá fà sẹ́yìn, ni ìpìlẹ̀ ògiri àti kùkùté igi á tún yọjú síta.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí wọ́n ṣe ń sọ abúlé di adágún. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ tí katakata bá dé ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abúlé kì í kú lọ́jọ́ tí omi bá bò ó. Ọjọ́ tí àwọn tí kì í gbé ibẹ̀ bá jókòó, tí wọ́n fi gègé buwọ́ lùwé lórí rẹ̀, ló ti kú. Ìtàn Capel Celyn fi èyí hàn kedere, ìdí sì nìyẹn tí mo fi yàn án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Wélsì wà ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba kan náà ló ń jẹ lórí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n èdè àwọn tó ni ilẹ̀ Wélsì yàtọ̀ gedegbe sí Gẹ̀ẹ́sì. Cymru ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pe ìlú wọn, Cymraeg sì ni èdè wọn. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí Cymru ti wá ni àwọn tí wọ́n jọ ni ilẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fún wọn ní orúkọ kejì tí gbogbo ayé mọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́ sì ni àlejò. Onílé ni wọ́n ń pè ní àlejò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a.

Bí àwa náà ṣe ní Ìdí-Ìrókò, Òkè-Odò àti Ìsàlẹ̀-Èkó, tó jẹ́ pé orúkọ ìlú ló ń sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni ti Wélsì rí. *Afon* ni odò, *llyn* ni adágún, *cwm* ni àfonífojì. *Capel* ni ilé ìsìn kékeré. *Celyn* sì ni igi kan tí ewé rẹ̀ lẹ́gùn-ún létí, tó máa ń so èso pupa wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nígbà òtútù, tí ewé rẹ̀ kì í sì í wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ Capel Celyn ti gbọ́ ìtàn abúlé náà tán: ilé ìsìn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, ilé ìsìn náà ló sì fún ìletò tó yí i ká lórúkọ.

Inú Cwm Tryweryn ni abúlé yìí wà, ní agbègbè Meirionnydd, máìlì díẹ̀ sí ìlú Bala. Òkè méjì ló ń ṣọ́ àfonífojì náà: Arenig Fawr, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 854, àti Arenig Fach, tí tirẹ̀ jẹ́ mítà 689. *Mawr* ni ńlá, *bach* ni kékeré, bí ìgbà tí èèyàn bá pe ìbejì méjì ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Láyé ìgbà tí yìnyín bo gbogbo apá ibẹ̀, yìnyín náà ló ń yọ́ rìn láàárín òkè, tó ń gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ ọpọ́n. Nígbà tó yọ́ tán, ó fi àfonífojì tí ikùn rẹ̀ fẹ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ sì há, sílẹ̀. Ẹ̀fúùfù láti orí òkun Àtìláńtíìkì máa ń gbé ìkùukùu wá síbẹ̀. Bí ìkùukùu bá ti kan àwọn òkè wọ̀nyí, òjò ni. Odò Tryweryn ló ń kó òjò náà jọ. Ó ṣàn gba àárín àfonífojì kọjá dé Bala, níbi tó ti pàdé odò Dyfrdwy, èyí tó jáde láti Llyn Tegid, adágún àdánidá tó tóbi jù ní Wélsì. Odò Dyfrdwy yìí á wá ṣàn wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á gba ẹ̀gbẹ́ ìlú Chester, kó tó bọ́ sínú òkun nítòsí Liverpool.

Bí ilẹ̀ bá ṣe rí ni iṣẹ́ onílẹ̀ ṣe ń rí. Ilẹ̀ olókè tí òjò ń pa báyìí kò gba àlìkámà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n koríko ń hù níbẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, darandaran ni àwọn ará ibẹ̀ láti ìran dé ìran. Láyé àtijọ́, ilé méjì ni àgbẹ̀ máa ń ní. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, níbi tí ẹ̀fúùfù kò ti le púpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní *hendre*. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lo ìgbà òtútù. Èkejì wà lókè, *hafod*, ibi tí wọ́n ń kó ẹran lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí koríko ìsàlẹ̀ lè sinmi. Àṣà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára oko àti ilé káàkiri Wélsì. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ Bala sì lókìkí gan-an láyé ọ̀rúndún kejìdínlógún. Lálẹ́, àwọn aládùúgbò á péjọ sílé ẹnìkan, ọwọ́ wọn á máa hun ìbọ̀sẹ̀, ẹnu wọn á máa pa ìtàn, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń jókòó yí ẹ̀gúsí ká láti pa á, tí ìtàn kò sì ní tán lẹ́nu wọn. Nígbà tó di ọdún 1882, ojú irin dé. Rélùwéè láti Bala lọ sí Ffestiniog gba inú àfonífojì náà kọjá, ó ń kó èrò, ẹran àti òkúta láti ibi ìwakùsà ẹ̀gbẹ́ Arenig.

Ìtàn ìsìn ibẹ̀ jinlẹ̀ ju bí abúlé náà ṣe tóbi lọ. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ọmọ ìjọ Quaker ń pàdé ní oko kan tí wọ́n ń pè ní Hafod Fadog nínú àfonífojì yìí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sin òkú wọn sí. Ìjọba ìgbà náà kò fẹ́ràn wọn. Wọ́n ń jù wọ́n sẹ́wọ̀n, wọ́n ń gba ẹrù wọn, nítorí wọn kò fara mọ́ ìjọ ìjọba. Ìyà náà ló mú kí púpọ̀ nínú àwọn Quaker agbègbè náà ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, sí Pennsylvania. Títí dòní, ìlú kan wà lẹ́bàá Philadelphia tó ń jẹ́ Bala Cynwyd. Lẹ́yìn àwọn Quaker ni Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Wélsì gbilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ ilé ìsìn Celyn ní ọdún 1820, tí wọ́n sì tún un kọ́ ní 1892.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú Bala ni àlùfáà Thomas Charles ń gbé, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀ káàkiri kí tọmọdé tàgbà lè mọ ìwé kà ní èdè abínibí wọn. Ní ọdún 1800, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Jones, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16, fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 26 lọ sí Bala láti ra Bíbélì èdè Cymraeg lọ́wọ́ àlùfáà náà. Ọdún mẹ́fà ló fi tọ́jú owó rẹ̀. Wọ́n ní ìtàn ọmọ yìí wà lára ohun tí Charles gbé lọ sí London, nígbà tí òun àti àwọn mìíràn ń dá ẹgbẹ́ tó ń tẹ Bíbélì sílẹ̀ ní ọdún 1804. Ẹgbẹ́ náà, British and Foreign Bible Society, ló tẹ Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀. Ìlú tí odò Tryweryn ń ṣàn lọ bá ni orísun kan nínú àwọn orísun Bíbélì Mímọ́ tí ìyá àgbà wa ń kà. Àwọn tó mọ iyì kí èèyàn ka ìwé lédè bàbá rẹ̀ ni à ń sọ̀rọ̀ wọn.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1955, Capel Celyn ní ilé ìsìn kan, ilé ìwé kan, ilé ìfìwéránṣẹ́ kan, àti ilé gbígbé àti oko 12. Èèyàn 67 ló ń gbé nínú àfonífojì náà. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n Cymraeg ni wọ́n fi ń ra ọjà, òun ni wọ́n fi ń bá ajá sọ̀rọ̀ nídìí àgùntàn, òun ni wọ́n fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, òun náà ni àwọn ọmọdé fi ń bú ara wọn lójú àgbàlá ilé ìwé. Ìgbà yẹn, èdè náà ti ń dínkù ní Wélsì. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1961, èèyàn 26 nínú 100 ló kù tó ń sọ ọ́. Ibi tí èdè bá ti ń kú lọ báyìí, abúlé tí gbogbo ilé ṣì ń sọ ọ́ kì í ṣe abúlé kékeré mọ́. Àká irúgbìn ni. Àgbẹ̀ tó bá ń ka ọkà kò gbọdọ̀ ka ọkà inú àká irúgbìn mọ́ ti inú ìkòkò ọbẹ̀.

Ta ló wá ń wá omi? Ìlú Liverpool ni, ìlú èbúté ńlá tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ Elder Dempster ti ń wá sí Èkó. Ìlú náà ti gbẹ́kẹ̀ lé omi Wélsì láti ọ̀rúndún tó ṣáájú. Láàárín ọdún 1881 sí 1888, Liverpool mọ odi òkúta ńlá kan dí odò Vyrnwy, ó sì ri abúlé Llanwddyn: ilé oko 10, ilé gbígbé 37, ilé ìsìn 2, ilé ọtí 3 àti ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ó ṣáà kọ́ abúlé tuntun fún wọn nítòsí. Lẹ́yìn náà ni Birmingham ṣe bẹ́ẹ̀ ní àfonífojì Elan láti ọdún 1893 sí 1904. Nítorí náà, nígbà tí Liverpool tún padà wá ní ọdún 1955, ọ̀nà tó ti mọ̀ ló tún gbà.

Ọ̀nà náà ní ìpele. Àkọ́kọ́ ni wíwá àfonífojì tó yẹ. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń wá kò ṣòro láti lóye: ibi tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi jò sọnù, tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ kí omi tó pọ̀ lè gbà síbẹ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ sì há kí odi tí wọn yóò mọ má bàa gùn jù. Ẹ rántí bí mo ṣe ṣàpèjúwe Cwm Tryweryn. Ohun tó jẹ́ kí ibẹ̀ dára fún àgùntàn náà ló jẹ́ kó dára fún adágún. Ẹwà rẹ̀ ló pa á. Ohun mìíràn tí wọ́n ń wò ni iye èèyàn. Bí èèyàn ibẹ̀ bá ṣe kéré tó ni owó gbà-má-bínú á ṣe kéré tó, tí ariwo náà á sì kéré. Dolanog ni Liverpool kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n agbègbè Dolanog ni Ann Griffiths, akọrin ẹ̀mí tí gbogbo Wélsì fẹ́ràn, ti gbé ayé. Ariwo sọ, Liverpool sì kúrò níbẹ̀, ó yí sí Tryweryn. Inú ìwé ìròyìn ni àwọn ará Capel Celyn ti kà á pé ilé wọn ń lọ sábẹ́ omi. Kò sí ẹni tó wá kan ilẹ̀kùn wọn láti béèrè.

Ìpele kejì ni òfin, ibẹ̀ sì ni agbára wà. Bí ìgbìmọ̀ ìlú kan bá fẹ́ kọ́ nǹkan sórí ilẹ̀ agbègbè mìíràn, ó yẹ kó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀. Liverpool mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ Wélsì kò ní gbà. Nítorí náà, ó gbé àbádòfin tirẹ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London. Bí ilé ìgbìmọ̀ bá ti fọwọ́ sí i, kò tún sí ìdí láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Wélsì.

Àwọn ará abúlé kò káwọ́ gbera. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìdáàbòbò sílẹ̀. Gwynfor Evans, ààrẹ ẹgbẹ́ òṣèlú Plaid Cymru, lọ sí Liverpool láti bá ìgbìmọ̀ ìlú náà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pariwo bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1956, àwọn ará Capel Celyn fúnra wọn wọ ọkọ̀ lọ sí Liverpool, tọmọdé tàgbà. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìgboro, wọ́n gbé pátákó dání tó ń bẹ àwọn ará ìlú náà pé ilé tiyín wà ní àlàáfíà, ẹ má ri ilé tiwa. Ẹ fojú inú wò ó: àwọn àgbẹ̀ òkè, aṣọ ìsinmi lọ́rùn wọn, tí wọ́n ń rìn láàárín ìlú ńlá, tí wọ́n ń tọrọ ilé ara wọn lọ́wọ́ àjèjì. Ohun tó tún dunni ni pé Liverpool kì í ṣe àjèjì pátápátá. Ọ̀pọ̀ ilé ìlú náà ni àwọn kọ́lékọ́lé láti Wélsì fi ọwọ́ ara wọn kọ́, àjọ̀dún ńlá orin àti ewì Wélsì sì ti wáyé níbẹ̀ ní ọdún 1884, 1900 àti 1929.

Wọn kò gbọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1957, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ ka àbádòfin náà lẹ́ẹ̀kejì, 166 dìbò fún un, 117 dìbò ta kò ó. Henry Brooke, mínísítà tí ọ̀rọ̀ Wélsì wà lábẹ́ rẹ̀, ti Liverpool lẹ́yìn. Wélsì ní aṣòfin 36 nínú ilé náà. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó dìbò fún un. Síbẹ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ló di òfin. Orílẹ̀-èdè odindi kọ ohùn sí i, kò sì já mọ́ nǹkan kan, nítorí iye tiwọn kò tó. Ọjọ́ yẹn ni Capel Celyn kú. Ìsìnkú ló kù.

Ìpele kẹta ni kíkó gbogbo ohun tó wà nínú àfonífojì náà kúrò, ó sì gba ọdún púpọ̀. Ojú irin ló kọ́kọ́ lọ, nítorí omi yóò bo apá kan rẹ̀. Wọ́n dá ọkọ̀ èrò dúró ní ọdún 1960, ọkọ̀ ẹrù tẹ̀lé e ní 1961. Wọ́n ti ilé ìwé pa ní oṣù Keje ọdún 1963. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn nínú ilé ìsìn tí àwọn baba ńlá wọn ti ń kọrin láti 1820. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan àwọn òkú. Wọ́n ní kí ẹbí kọ̀ọ̀kan yàn: ṣé kí wọ́n hú òkú wọn lọ sí ibòmíràn, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀? Òkú 8 ni wọ́n hú. Àwọn yòókù, wọ́n fi kọnkéré bò wọ́n mọ́lẹ̀ kí omi má bàa hú wọn. Yorùbá tó ń sin bàbá rẹ̀ sí ìyẹ̀wù, tó gbà pé ibi tí òkú ẹni bá wà ni ilé ẹni wà, kò nílò àlàyé lórí irú ọgbẹ́ tí ìyẹn jẹ́. Wọ́n gé igi, wọ́n wó ilé. Èèyàn 48 nínú 67 ni ilé wọn lọ pátápátá. Kò sí abúlé tuntun tí wọ́n kọ́ fún wọn bí ti Llanwddyn. Oníkálukú bá tirẹ̀ lọ, abúlé sì túká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

Ìpele kẹrin ni dáàmù. Ibi tí ọ̀fun àfonífojì há sí ni wọ́n ti kó erùpẹ̀ àti òkúta jọ di òkìtì gàgàrà, tí koríko bò lónìí débi pé àlejò lè rò pé òkè ni. Kò lọ láìsí ìjà. Ní ọdún 1962, wọ́n ba ẹ̀rọ iná mànàmáná ibi iṣẹ́ náà jẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1963, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta fi àdó olóró fọ́ ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú, iṣẹ́ kò sì dúró. Nígbà tí dáàmù parí, wọ́n ti ẹnu odò, omi bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, ó ń gun pápá, ó ń gun ojú ọ̀nà, ó ń gun ìpìlẹ̀ ilé, títí tí ilẹ̀ 800 ékà fi wọlé sábẹ́ rẹ̀. Llyn Celyn ni wọ́n sọ adágún náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì méjì àtààbọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ tó máìlì kan. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1965, àwọn aláṣẹ Liverpool wá ṣí i. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ti dúró dè wọ́n, wọ́n ń pariwo, òkò ń fò, ẹnìkan gé okùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ayẹyẹ náà kò ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ẹni tó bá rò pé páìpù kan ló gbé omi láti Llyn Celyn lọ sí Liverpool ṣàṣìṣe. Ti Vyrnwy ló ní páìpù. Ti Tryweryn yàtọ̀. Nígbà òjò, dáàmù á fi omi pamọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò Dyfrdwy bá fẹ́ fà, wọ́n á ṣí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, omi á tú sínú odò Tryweryn, á ṣàn dé Bala, á wọ Dyfrdwy, á sì gba ojú odò lọ títí dé ìtòsí Chester. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi jáde, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ kó tó wọ ilé àwọn èèyàn. Odò fúnra rẹ̀ ló di páìpù. Ọgbọ́n ńlá ni, n kò sì ní tìtorí ìbínú sẹ́ ẹ. Ó ń dín àgbàrá kù nísàlẹ̀ odò, ó ń mú iná mànàmáná díẹ̀ wá, omi tí wọ́n sì ń tú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mú kí odò Tryweryn di ibi tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré dárayá ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọ Liverpool náà sì nílò omi. Ẹnikẹ́ni ní Capel Celyn kò sọ pé kí òǹgbẹ pa wọ́n. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, ṣé ó yẹ kí a fi ilé ẹlòmíràn pa òǹgbẹ ara wa láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè náà kò rì. Ní oṣù Keje ọdún 1966, Gwynfor Evans, ọkùnrin tí wọ́n pariwo bò, wọlé ìbò ní Carmarthen, ó sì di aṣòfin àkọ́kọ́ tí Plaid Cymru ní nínú ilé ìgbìmọ̀ London. Ọdún tó tẹ̀lé e ni òfin àkọ́kọ́ tó fún èdè Cymraeg láyè nínú iṣẹ́ ìjọba láyé òde òní jáde. Ní ọdún 1999, Wélsì ní ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀. N kò sọ pé Capel Celyn nìkan ló fa gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí àwọn èèyàn rí i pẹ̀lú ojú wọn pé tó bá jẹ́ ohùn ẹlòmíràn ló ń pinnu fún ọ, bí o pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, àlejò ni ọ́ nínú ilé ara rẹ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ogójì ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ṣí dáàmù náà, ìgbìmọ̀ ìlú Liverpool tọrọ àforíjì.

Létí títì kan nítòsí Llanrhystud, ní etíkun ìwọ̀ oòrùn, ògiri ilé àlàpà kan wà tí òǹkọ̀wé Meic Stephens kọ́kọ́ fi ọ̀dà kọ̀wé sí lára láyé ìjà náà. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀: *Cofiwch Dryweryn*. Ní ọdún 2019, wọ́n fi ọ̀dà pa á rẹ́, wọ́n sì tún wó apá kan ògiri náà. Àwọn èèyàn tún un mọ, wọ́n tún un kọ, ọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ògiri mìíràn káàkiri Wélsì. Òun ni àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà fi mọ orúkọ abúlé yìí. Nínú Cymraeg, bí ó ṣe rí nínú Yorùbá, ọ̀nà méjì ni à ń gbà bá èèyàn sọ̀rọ̀: ti ọmọdé tàbí ọ̀rẹ́, àti ti àgbà tàbí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ti ọ̀pọ̀ àti ti àgbà ló wà lára ògiri yẹn. Kò sọ pé "rántí". Ó sọ pé "ẹ rántí Tryweryn".

Èmi náà ń sọ ọ́ fún yín. Ní ọdún 2021, èèyàn tó ń sọ Cymraeg ní Wélsì kò tó 18 nínú 100. Àká irúgbìn kan tó lọ sábẹ́ omi kò ṣeé kó padà pẹ̀lú àforíjì, bó ti wù kó wá látọkàn tó. Ìlú ńlá yóò máa nílò omi, ojú ọ̀nà àti iná, níbi gbogbo láyé, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ abúlé kan, bí wọ́n bá sọ pé ilé 12 péré ló wà níbẹ̀, ẹ dìde béèrè ìbéèrè kan kí wọ́n tó buwọ́ lùwé: ta ló lọ kan ilẹ̀kùn ilé 12 náà?